Ẹ Ní Sùúrù Díẹ̀ Sí I, Alága

…wọ́n máa dìbò, èmi ni wọ́n sì máa dì í fún. Kò sí ẹlòmíràn. Àrẹ̀mú ti sọ ọ́ láàárọ̀ bó ṣe ń ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fún ìpàdé: "Tíṣà, àfi ẹ̀yin. Ta la tún fẹ́ wá lọ?" Àfi èmi. Mo jókòó sí yàrá ẹ̀yìn, láàárín táyà àti ṣéènì tó ń tà, mo ń gbọ́ ohùn wọn níta. Àwọn ará Agbájà tó ti gun kẹ̀kẹ́ sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. Àwọn ará Old Market. Ìgalà, Núpé, Haúsá, gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ Yorùbá. Ẹgbẹ́ Oníkẹ̀kẹ́ Lọ́kọ́ja pé tán. Wọ́n ní kí n yẹra díẹ̀ kí wọ́n lè sọ̀rọ̀ mi.

Bí wọ́n bá mọ̀…

Rárá. Ètò ni kí n máa rò. Ètò ọ̀la ẹgbẹ́. Ètò náà dára. Látìgbà tí wọ́n ti dá ìpínlẹ̀ tuntun sílẹ̀ lóṣù kẹjọ tí wọ́n sì fi Lọ́kọ́ja ṣe olú-ìlú, ọkọ̀ ń ya wọlé láti Ìlọrin lójoojúmọ́, òṣìṣẹ́ ìjọba pẹ̀lú ìyàwó, ọmọ àti bẹ́ẹ̀dì lórí ọkọ̀. Wọ́n fẹ́ fẹ títì láti Fẹ̀lẹ́lẹ̀ wọ àárín ìlú. Àwa ń bẹ̀bẹ̀ fún ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà péré fún kẹ̀kẹ́, kí ẹni tó di iṣu sẹ́yìn má baà máa bá tírélà du ọ̀nà. Ọdún mẹ́tàlá ni Bàbá Bámiṣayé, alága wa, fi ń sọ ọ́, láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀ títí di…

Títí di ọjọ́ Ẹtì yẹn. Oṣù méjì rèé.

Àrẹ̀mú ní kí a pe ọ̀nà náà ní Ọ̀nà Bámiṣayé. "Ikú Bàbá ló máa ṣílẹ̀kùn fún wa, Tíṣà. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀bẹ̀ pé dírẹ́bà oníwàdùwàdù ló gbá wọn." Mo kọ ọ́. Ọwọ́ tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ pé kí wọ́n má purọ́, òun náà ni mo fi kọ ọ́. Dírẹ́bà oníwàdùwàdù.

Sámúẹ́lì lorúkọ rẹ̀.

Ó wá sílé mi lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, lẹ́yìn ìsìn. Ọmọ Kàbbà ni. "Òkun o, Mà," ló fi kí mi, bí ẹni wá kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò jókòó. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di fìlà mú. "Mo tẹ fèrè lẹ́ẹ̀mẹta, Mà. Eré ò pọ̀ lẹ́sẹ̀ mi. Bàbá ń já bọ̀ sí títì, wọ́n yíjú sí mi. Wọ́n wojú mi kòrókòró. Mà… wọn ò rí mi."

Wọn ò rí mi.

Mo ní kó lọ sọ ọ́ fún adájọ́ lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ tí ẹjọ́ rẹ̀ máa wáyé. Mo ti ilẹ̀kùn. Mo lọ sí ilé ìdáná, mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í fọ àwọn abọ́ tí mo ti fọ̀ láàárọ̀.

Nítorí mo mọ̀. Nínú gbogbo àwọn tó ń pariwo níta yìí, èmi nìkan ni mo mọ̀.

Oṣù keje ni. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, a dúró nísàlẹ̀ Òkè Pàtì, èmi àti Bàbá, a fi kẹ̀kẹ́ wa ti igi dọ̀gọ̀yárò. Bàbá na ìwé kan sí mi. "Bá mi kà á." Mo rò pé wọ́n gbàgbé jígí wọn sílé ni, àmọ́ jígí wà lójú wọn. "Ti ọ̀tún ti lọ," wọ́n ní, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ táyà tó jò. "Ti òsì náà ti ń ṣe bàìbàì. Tíṣà, gba ẹgbẹ́ yìí lọ́wọ́ mi. Kí n fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, kí n lọ jókòó ti Janet nílé." Janet ni ìyàwó wọn. "Má tíì sọ fún un o. Á máa sunkún."

Mo sì dáhùn pé, "Ẹ ní sùúrù díẹ̀ sí i, Alága."

Ó bọ́gbọ́n mu. Ó bọ́gbọ́n mu nígbà náà, àbí? Ta ló mọ̀ mí? Orúkọ wọn ni wọ́n mọ̀ ní gbogbo ọ́fíìsì. Bí Bámiṣayé bá wọlé, akọ̀wé á dìde. Bí èmi bá wọlé, wọ́n á ní kí n lọ dúró síta. Alága oníkẹ̀kẹ́ tí kò lè gun kẹ̀kẹ́ mọ́ sì rèé — wọ́n á fi wá ṣẹlẹ́yà. Nítorí náà Bàbá ń gùn ún lọ. Mo ń rí wọn. Wọ́n á yí gbogbo orí sí apá ọ̀tún bí adìyẹ tó fẹ́ wo ilẹ̀, kí ojú òsì lè rí ọ̀nà. Mo rí i, mo sì ń kí wọn. Ẹ kú ìrìn, Bàbá. Ẹ kú ìrìn.

Orí yẹn… Ní kíláàsì, bí ọmọ kan bá ṣàdédé yí orí bẹ́ẹ̀, ṣọ́ọ̀kì á bọ́ lọ́wọ́ mi.

Mo di ojú ọ̀tún mi báyìí. Àwọn táyà apá ibẹ̀ pòórá. Ilẹ̀kùn pòórá. Báyìí ni wọ́n ṣe ń rí i. Kì í tilẹ̀ ṣe báyìí, nítorí èyí tó kù náà kò mọ́lẹ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe ń wọ títì Fẹ̀lẹ́lẹ̀.

Janet bi mí lọ́jọ́ ìsìnkú. Ó dì mí mú níwájú gbogbo èèyàn. "Ìyá Modúpẹ́, ẹ̀yin lẹ jọ ń rìn. Ṣé kò sọ nǹkan kan fún yín? Ó ti ń da tíì sí ẹ̀gbẹ́ ife." Mo ní rárá. Mo ní Bàbá ò sọ nǹkan kan. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi… ó dúpẹ́.

Nítorí ẹgbẹ́ ni. Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ fún ara mi títí ó fi ń dún bí orin. Bí ilé ẹjọ́ bá gbọ́ pé ojú Bàbá ti fọ́, ìwé ẹ̀bẹ̀ wa dòfo, wọ́n á ní kí ló dé tí afọ́jú ń gun kẹ̀kẹ́. Nítorí ẹgbẹ́ ni mo ṣe ní kí wọ́n dúró. Nítorí ẹgbẹ́ ni mo ṣe dákẹ́. Nítorí ẹgbẹ́…

Àmọ́ oṣù kẹjọ ńkọ́?

Lóṣù kẹjọ, wọ́n tún bẹ̀ mí, létí odò Ọya. Mo ní, "Bàbá, àwọn ọ̀gá tuntun ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ránṣẹ́ pè wá ná. Ọjọ́ tí wọ́n bá ránṣẹ́ pè wá, mo gbà á lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ náà." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbà mí gbọ́. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nínú ọ̀sẹ̀ tí Bàbá kú, wọ́n béèrè lẹ́ẹ̀kẹta. "Tíṣà, wọn ò tíì ránṣẹ́?"

"Wọn ò tíì ránṣẹ́, Alága."

Wọ́n ti ránṣẹ́.

Ìwé náà ti dé lọ́jọ́ Ajé. Mo gbàgbé, mo ní mo gbàgbé, ìdánwò àwọn ọmọ ló gbà mí lọ́kàn… Irọ́. Mi ò gbàgbé. Mo dúró sójú ọ̀nà, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ń pe ẹgbẹ́ wa sí ọ́fíìsì ìjọba. Ó yẹ kí inú mi dùn, àmọ́ ńṣe ni àyà mi já. Mo rí ara mi tí mo dúró níwájú tábìlì ńlá, tí àwọn ọkùnrin mẹ́fà ń wò mí, tí kò sí Bámiṣayé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo ká ìwé náà, mo fi í sínú Bíbélì, mo sì sọ fún bàbá arúgbó pé wọn ò tíì ránṣẹ́. Lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n gun kẹ̀kẹ́ jáde.

Kì í ṣe nítorí ẹgbẹ́.

Ẹ̀yìn afọ́jú ni mo sá pamọ́ sí. Mo ní kí ó máa lọ níwájú.

Ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Ohùn Àrẹ̀mú ni. "Tíṣà, gbogbo wọn ti gbà. Wọ́n ń dúró dè yín."

Mo ní mò ń bọ̀. Mi ò tíì dìde. Ẹ̀rù ń bà mí, bó ṣe bà mí lójú ọ̀nà lọ́jọ́ Ajé yẹn, kò dín rárá. Ẹ̀rù lásán ni. Tèmi ni. Òun ni Bàbá torí rẹ̀ kú, òun ni Sámúẹ́lì fẹ́ lọ jẹ́jọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀.