Dúdú Tí Òòfà Kò Mọ̀

Ẹ̀rọ tún tu sọ̀wédowó náà jáde, bí ọmọdé ṣe ń tu oògùn kíkorò.

Obìnrin tí ń yẹ̀ ẹ́ wò nílé iṣẹ́ ìtẹ̀wé náà gbé e sójú iná. Kò rí àléébù kankan. Àwọn nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ìwé dúdú bíi kóró iṣin, wọ́n tò gẹ́rẹ́gẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kì í fojú kàwé. Irin lẹ́búlẹ́bú inú tàdáwà ni òòfà rẹ̀ ń wá kó tó mọ̀ pé oókan nìyí, eéjì nìyí. Ìwé yìí dúdú lóòótọ́, irin inú rẹ̀ ni kò tó nǹkan.

Ẹnìkan ti bu tàdáwà lásán mọ́ ti òòfà. Ẹni kan ṣoṣo ló sì ń bù ú: ẹ̀gbọ́n obìnrin náà lọ́kùnrin, ẹni tó tọ́ ọ dàgbà, tí gbogbo ilé iṣẹ́ ń pè ní Aláwàdà. Bí obìnrin náà bá kọ “Kò yege” sórí ìdì ìwé yìí, ọ̀gá yóò lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bó bá sì dákẹ́, sọ̀wédowó ẹni ẹlẹ́ni ni yóò máa há sẹ́nu ẹ̀rọ báńkì kiri. Iwájú ò ṣe é lọ, ẹ̀yìn ò ṣe é padà sí.

Ó mú ìwé náà lọ bá a.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo ìwé yìí.”

“Mo ti wò ó. Ó dú ju èmi gan-an lọ, ìwọ náà sì mọ bí mo ṣe dú tó! Ẹ̀rọ rẹ yẹn kàn ń ṣakọ ni.”

Àwọn òṣìṣẹ́ bú sẹ́rìn-ín.

“Garawa wo lẹ bù ú nínú ẹ̀?”

Ọkùnrin náà wo garawa méjèèjì tó wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ọ̀dà pupa wà lára ti òòfà gàdàgbà. Òun fúnra rẹ̀ ló kùn ún, kẹ́nikẹ́ni má baà ṣì í bù. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀.

“Mi ò rántí, àbúrò mi. Látìgbà tí a ti sin ìyàwó mi, ọwọ́ mi nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Tí mo bá délé, mo ṣì máa ń pè é lẹ́nu ọ̀nà.”

Ọjọ́ kejì ìsìnkú ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti padà síbi iṣẹ́, tó ń dá wọn lẹ́rìn-ín. Obìnrin náà alára ló ń sọ fáwọn ará ilé pé ẹ̀gbọ́n òun ti gbà fún Ọlọ́run. Ojú lásán là ń rí.

“Kọ ohun tí o rí,” ni ẹ̀gbọ́n wí. “Bí mo ṣe kọ́ ọ nìyẹn.”

Ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ó kọ “Kò yege” sórí ìdì náà.

Kò pẹ́ tí ọ̀gá fi ránṣẹ́ pe Aláwàdà. Lẹ́yìn ògiri, ohùn rẹ̀ ta sókè: “Ẹ bá mi kí ẹ̀rọ o! Òun ló borí!” Ẹ̀rín tún sọ. Àbúrò rẹ̀ kò bá wọn rín in. Ó tẹ́tí sí ohun tó wà nínú ohùn náà, bí ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe ń wá irin inú ìwé.