Bàbá, Ẹ Jókòó Sínú Mọ́tò

Ẹ fi àpótí yín sún mọ́ mi, ẹ̀yin ará. Ìtàn mọ́tò kan tí kò gbọ́ràn ni mo gbé dé, kò sì ní pẹ́ lẹ́nu mi.

Orí ìkúnlẹ̀ ni ọmọbìnrin kan tó ń ṣe iṣẹ́ mekáníìkì wà, tó ń fojú kan wo òwú tó ta láti táyà ẹ̀yìn dé táyà iwájú mọ́tò bàbá rẹ̀. Òwú gún régé, táyà gún régé, bó ṣe rí nígbà tó tún un ṣe kẹ́yìn nìyẹn. Síbẹ̀, bí bàbá bá ti wà á jáde, apá òsì ló máa ń yà sí, bí ewúrẹ́ tó rí oko olóko.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin na ọwọ́ fún kọ́kọ́rọ́. “Bàbá, mọ́tò ò ṣe nǹkan kan. Ọwọ́ òsì yín tí kò lágbára mọ́ ni, látìgbà àìsàn yẹn. Ẹ jẹ́ kí n máa gbé yín kiri.”

“Ìwakọ̀ tìẹ gan-an ló ń bà mí lẹ́rù,” ni bàbá wí.

Bàbá, ọkùnrin sígbọnlẹ̀ tí àga ń sá fún, wo ọwọ́ òsì rẹ̀ bí ẹni ń wo ọmọ tó já a kulẹ̀. Ó jókòó sórí àga dírẹ́bà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ kọ́kọ́rọ́ lára okùn rẹ̀ láti fún ọmọ rẹ̀ ọkùnrin.

Nísàlẹ̀, táyà iwájú apá òsì rọra tẹ̀, ó kúrò lójú òwú.

“Bàbá, ẹ dìde,” ni ọmọbìnrin náà wí.

Ó dìde. Táyà padà sáyè rẹ̀.

“Ẹ tún jókòó.”

“Ṣé eré ọmọdé là ń ṣe ni?”

“Sípíríǹgì ẹ̀gbẹ́ yìí ti rọ̀, Bàbá. Òfìfo ni mo sì ń wọ̀n mọ́tò yìí látọjọ́ yìí. Ẹ jókòó sínú rẹ̀, ẹ má mira.”

Ó wọ abẹ́ mọ́tò lọ. Bí sípánà ti ń dún, bàbá jókòó gbagidi lókè bí ẹni tí wọ́n ń gẹrun fún. A kì í fárí lẹ́yìn olórí, ọmọbìnrin náà rò ó nínú, ojú sì tì í díẹ̀.

Nígbà tí gbogbo wọn jáde sójú ọ̀nà gbọọrọ, bàbá rọra gbé ọwọ́ méjèèjì kúrò lórí sítíárìn. Mọ́tò ń lọ tààrà bí omi ojú àgbàrá. Èémí kan jáde lẹ́nu ẹ̀gbọ́n tó jókòó sórí àga ẹ̀yìn. Bàbá gbé ọwọ́ òsì lé itan, ó ká ìka rẹ̀, ó tún nà án.

Ẹ̀gbọ́n náà ló sọ ìtàn yìí fún mi, lórí àga ẹ̀yìn mọ́tò kan náà. Bàbá ló ń gbé wa lọ.