Ta Ló Ba Ìgò Ehoro Jẹ́?

Bí Glenys bá ti ń fura sí ènìyàn, kì í sọ̀rọ̀ mọ́. Á kàn máa nu orí tábìlì rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tí mò ń sọ yìí, ó nu tábìlì náà títí ó fi ń dán, ojú rẹ̀ kò sì kúrò lára Miffo.

Leandro Mifsud ni orúkọ Miffo gan-an, ṣùgbọ́n kò tíì pẹ́ lọ́dọ̀ wa rárá tí a fi gé e kúrú fún un. Melbourne ló ti wá. Ní Hobart níbí, lórí erékùṣù tiwa, ẹni tó bá ti òdìkejì omi wá ti ní ẹ̀sùn kan lọ́rùn kó tó ṣe ohunkóhun, Glenys sì ni adájọ́. Oṣù ìdánwò rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ kò tíì pé. Bí Glenys bá ní òun kò fẹ́ ẹ, Hester ọ̀gá wa kò ní gbà á, nítorí Glenys ti wà nínú láàbù ilé ìwòsàn tí a ti ń ṣiṣẹ́ kí ọ̀pọ̀ nínú wa tó mọ ibi tí ilé ìwòsàn náà wà. Èmi Merrin, ẹ̀ka mìíràn ni mo wà. Tábìlì mi ló kángun sí tiwọn, etí mi nìkan ló ń bá wọn ṣiṣẹ́.

Iṣẹ́ wọn kò ṣòro láti ṣàlàyé. Àrùn kan wà tí ara ènìyàn á dìde gbógun ti ara rẹ̀. Á máa kọlu àwọn ẹnu-ọ̀nà tíńtìntín tí omi ń gbà wọ inú sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ, títí iṣan ojú á fi kú tàbí ẹsẹ̀ á fi rọ. Bí wọ́n bá tètè mọ̀ ọ́n, oògùn wà. Bí wọ́n bá pẹ́, èyí tó lọ ti lọ nìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ àwọn tí dókítà bá ń fura sí ni wọ́n ń kó wá fún Glenys. Á fi pípẹ́ẹ̀tì fa omi orí ẹ̀jẹ̀ náà, á kán an sórí sẹ́ẹ̀lì tó ní ẹnu-ọ̀nà omi ti ènìyàn lára awọ rẹ̀, á sì wò ó lábẹ́ maikirosíkóòpù. Bí àrùn náà bá wà níbẹ̀, etí sẹ́ẹ̀lì á tàn ní àwọ̀ ewé.

Ṣùgbọ́n báwo lo ṣe fẹ́ mọ̀ pé ẹnu-ọ̀nà omi yẹn wà lára sẹ́ẹ̀lì lóòótọ́? Ohun tí ìgò ehoro wà fún nìyẹn. Lára ehoro kan tó ti kú tipẹ́ ni wọ́n ti rí àńtíbọ́dì inú rẹ̀, ìyẹn ọmọ ogun tí ara ń rán jáde láti dì mọ́ ohun àjèjì. Ẹnu-ọ̀nà omi ti ènìyàn nìkan ló mọ̀, òun nìkan ló ń dì mọ́, á sì tàn ní pupa. Èyí tó kù nínú ìgò náà kò pọ̀ mọ́. Ìsàlẹ̀ fírísà ni Glenys fi í pamọ́ sí, lẹ́yìn àpótí kan tó kọ “Má fọwọ́ kàn mí” sí lára.

Ohun kan tún kù. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ara rẹ̀ le sí i, èyí tí kò gbọ́dọ̀ tàn ní àwọ̀ ewé láéláé, kí wọ́n lè mọ̀ pé àyẹ̀wò náà kò purọ́. Ara wa la ti ń rí i. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, a ó fún un ní tíì àti bisikíìtì, a ó sì ní kó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Bí a ṣe ń kí ènìyàn káàbọ̀ nìyẹn. Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ̀jẹ̀ Miffo ló kàn láti lò. Glenys fúnra rẹ̀ ló fà á lápá rẹ̀ lọ́jọ́ tó dé.

Lọ́jọ́ Ajé, nígbà tí a ń mu tíì àárọ̀, Miffo ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.

“Glen, ehoro ẹ ti ń kú lọ o. Pupa ẹ̀ ò pupa mọ́. Ńṣe ló ń ṣá.”

Glenys gbé ife rẹ̀ sílẹ̀. “Ehoro mi? Ehoro tí mo ti ń lò láti ìgbà tí wọ́n ń fi ọwọ́ fa ìwọ lọ síléèwé?”

“Ohun tí mo rí ni mo sọ. Híkì!” Òsúkè tún ti mú un.

“Òsúkè yẹn ò tíì fi ẹ́ sílẹ̀? Kí lo mu lánàá?”

“Tíì. Híkì! Ó ti lé lọ́sẹ̀ kan tó ti ń dà mí láàmú. Oúnjẹ gan-an ò dúró nínú mi, mo ń bì í ni.”

“Tíì, àbí?” Glenys yíjú sí mi. “Merrin, o gbọ́? Tíì ti wá ń mú èèyàn bì báyìí. Ti Melbourne nìyẹn.”

Mo rẹ́rìn-ín, torí ó pa mí lẹ́rìn-ín. Miffo náà rẹ́rìn-ín, òsúkè sì gé ẹ̀rín náà sí wẹ́wẹ́ mọ́ ọn lẹ́nu. Bí a ṣe kúrò nídìí tíì, Glenys lọ wo gíláàsì pẹlẹbẹ tí Miffo wò lábẹ́ maikirosíkóòpù. Ó pè mí. Mo wò ó. Pupa náà pọ́n bí tòmátò, kò sí ohun tó ṣe é.

“O rí i?” ó sọ fún mi wúyẹ́wúyẹ́. “Kí ló dé tó fẹ́ kí n gbà pé ìgò mi ti kú? Ó ti ṣe nǹkan sí i ni. Ó ń wá ibi tó máa fi ara pamọ́ sí.”

Kí n má parọ́, èmi náà rò ó bẹ́ẹ̀ fúngbà díẹ̀. Ènìyàn tó ń wo pupa rokoso tó ní kò pupa, kí la fẹ́ rò?

Nígbà tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀rọ̀ dé ojú ẹ̀. Glenys tún gbogbo àyẹ̀wò náà ṣe fúnra rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn wà bó ṣe yẹ kó wà. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tí kò gbọ́dọ̀ tàn, ó tàn. Àwọ̀ ewé yí etí gbogbo sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ ká. Glenys dìde, ó mú àkísà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu tábìlì.

“Miffo,” ó pè é, ohùn rẹ̀ tutù gan-an. “Kó o tó ki ẹnu pípẹ́ẹ̀tì bọ ìgò mi, ṣé o máa ń pààrọ̀ ẹ̀?”

“Mo máa ń pààrọ̀ ẹ̀.”

“Gbogbo ìgbà?”

“Gbogbo ìgbà, Glen. Kí lo fẹ́ kí n jẹ́wọ́ gan-an?” Ó fọwọ́ ra ojú ọ̀tún rẹ̀, ó sì yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan.

“Kò lè wò mí lójú,” Glenys sọ fún mi nígbà tí ọmọkùnrin náà jáde. “Ẹ̀jẹ̀ aláìsàn ló kó sínú ehoro mi. Mo mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó.”

Ó fi gbogbo Ọjọ́rú wá ẹ̀rí. Ó ṣe àyẹ̀wò náà láìfi ẹ̀kán kan kún un láti inú ìgò ehoro. Àwọ̀ ewé ṣì tàn. Ó túmọ̀ sí pé ìgò kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ó tún fi ẹ̀jẹ̀ náà sórí sẹ́ẹ̀lì tí kò ní ẹnu-ọ̀nà omi lára. Kò sí ohun tó tàn. Ó túmọ̀ sí pé ìmọ́lẹ̀ náà kì í ṣe ìdọ̀tí lásán; ẹnu-ọ̀nà omi gan-an ló ń wá. Ẹlòmíràn ì bá jókòó rò ó. Glenys kàn gbé ẹ̀sùn náà kúrò lórí ìgò kan lọ sórí òmíràn ni: ó ní Miffo ti da ẹ̀jẹ̀ aláìsàn mọ́ ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Kò sí ẹni tó rò pé ẹ̀jẹ̀ tiwa lè ní àrùn. Àwa la ń ṣàyẹ̀wò, àwọn mìíràn ló ń ṣàìsàn. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí lọ́kàn wa nìyẹn, a kò sì sọ ọ́ jáde rí.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Miffo ń gbé àwo gíláàsì kan kọjá. Ó fẹ́ gbé e lé orí tábìlì, àfi bíi pé tábìlì náà sún. Àwo náà já bọ́, gbogbo ẹ̀ fọ́ yángá. Glenys kò tilẹ̀ pariwo. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó gba ọ́fíìsì Hester lọ, nígbà tó máa fi jáde, Hester wà lẹ́yìn rẹ̀.

“Leandro, lọ sinmi nílé,” Hester sọ, kò sì dùn mọ́ ọn nínú. “A máa sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Ajé.”

“Ẹ ti lé mi nìyẹn?”

“Mo ní a máa sọ̀rọ̀.”

“Kó tó lọ,” Glenys dá sí i, “kó ká apá aṣọ ẹ̀ sókè. Ẹ̀jẹ̀ tí ọwọ́ ẹ̀ ò dé ni mo fẹ́ lò. Tí tuntun ò bá tàn, a mọ ẹni tó ba ti àkọ́kọ́ jẹ́ nìyẹn.”

Miffo wò ó. “O fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ mi jẹ́rìí sí mi?”

“Tọ́wọ́ ẹ bá mọ́, kí lò ń bẹ̀rù?”

“Mi ò bẹ̀rù. Híkì! Fà á. Fà á kó tó ẹ.” Ó na apá rẹ̀.

Nígbà tó ń lọ, mo rí i pé ó ń fọwọ́ tọ ògiri. Glenys náà rí i. “Wò ó,” ó ní. “Àárọ̀ kùtù tí àwọn èèyàn ṣì ń mu kọ́fí!” Inú mi kò dùn sí ọ̀rọ̀ yẹn, ṣùgbọ́n mo kàn padà sídìí tábìlì mi.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Glenys ti dé kí n tó dé. Orin ló ń kọ lábẹ́ ahọ́n, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ti bọ́ sí lọ́wọ́. Mo gbọ́ tó fa àga, mo gbọ́ tó tan iná maikirosíkóòpù. Mo retí kó nu tábìlì. Kò nù ún.

“Merrin, wá.”

Mo fojú sí i. Ó ń tàn. Àwọ̀ ewé náà gba gbogbo etí sẹ́ẹ̀lì, pupa ehoro sì jókòó sí ojú kan náà pẹ̀lú rẹ̀, ibi kan ṣoṣo, wọn kò yẹ̀ lórí ara wọn.

“Ta ló fọwọ́ kan ẹ̀jẹ̀ yìí?” Glenys bi mí.

“Ìwọ lo fà á.”

“Èmi ni mo fà á, èmi ni mo tì í mọ́ fírísà, kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ sì wà lọ́rùn mi.” Ó wá ń wò mí láti òkè délẹ̀.

“Glen, má gbé e dé ọ̀dọ̀ mi o!” Inú bí mi. “Èmi wo? Kí lèmi fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ Miffo ṣe?”

Ariwo wa ló pe Hester jáde. Ó wo gíláàsì náà pẹ́. Ó bi Glenys pé yàtọ̀ sí pé Miffo ń fọ́ nǹkan, kí ló tún ṣàkíyèsí lára rẹ̀.

“Òsúkè,” Glenys fèsì. “Òsúkè tí kì í lọ. Ó tún ń bì. Ó ní pupa ehoro ń ṣá.”

Hester fìdí lé àga. “Ibi tó ń darí èébì àti òsúkè nínú ọpọlọ, àrùn yìí máa ń kọlù ú. Tí iṣan ojú bá sì ń bàjẹ́, pupa ló kọ́kọ́ máa ń ṣá lójú èèyàn. Glenys, kò sóhun tó ṣe ehoro ẹ.”

Ọdún tí Glenys ti ń wá àrùn yìí kò kéré, kò sì mọ èyí. Èmi náà kò mọ̀ ọ́n. Ìmọ́lẹ̀ orí gíláàsì la mọ̀ ọ́n sí. Kò sí ẹni tó rí i rí nínú wa kó wọ bàtà wọlé, kó jókòó, kó ní kí a fún òun ní ṣúgà.

Hester pe Miffo lórí fóònù. Ó pẹ́ kó tó gbé e.

“Ọjọ́ Ajé lẹ ní ká sọ̀rọ̀,” ohùn Miffo ní.

“Leandro, gbọ́ mi. Báwo lojú ẹ?”

“Ọ̀tún ti lọ. Mo jí láàárọ̀ yìí, òkùnkùn ni. Mo rò pé ẹ máa ní ọtí ni, ni mi ò ṣe pe ẹnikẹ́ni.”

Áńbúláǹsì gbé e wá sí ilé ìwòsàn tiwa yìí kan náà, àjà méjì sábẹ́ láàbù wa. Lọ́jọ́ Àìkú ni èmi àti Glenys lọ kí i. Glenys ra páì dání, ó dì í mú títí ó fi tutù. Omi oògùn ń kán sí Miffo lára, òsúkè ti fi í sílẹ̀. Ó dà bí ọmọdé lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn. Àwọn dókítà ní àwọn ti dáàbò bo ojú òsì àti ẹsẹ̀ rẹ̀; ti ọ̀tún, àwọn kò lè ṣe ìlérí.

“Ìgbà wo lo rí i tó tàn?” Miffo bi Glenys.

“Lọ́jọ́ Ẹtì.”

“Ti ẹ̀jẹ̀ tuntun nìyẹn. Ti àkọ́kọ́ ńkọ́?”

Mo retí kí Glenys wá irọ́ kan pa. Kò pa á. “Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.”

“O sì mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ mi ni?”

“Mo mọ̀. Mo rò pé o ti bà á jẹ́ ni.” Omi ti gba ojú rẹ̀. “Leandro, mo bẹ̀ ẹ́.”

Miffo fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú òsì, ó kọ ojú ọ̀tún sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ bí ẹni tó ń dán an wò. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fúngbà díẹ̀, ó sì gbé ọwọ́ kúrò.

“Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ojú yìí ṣì ń ríran, Glen,” ó ní. “Mo rí bó o ṣe ń wò mí.”