Ògiri Eérú

Eérú ni Mùsé Sosthène fi ń mọ ilé náà. Ó ń bù ú nínú garawa, ó ń dà á sílẹ̀ ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín àwọn igi ọ̀pẹ, ó ń fi tépù wọ̀n ọ́n, àwòrán ilé wà lábíyá rẹ̀.

Fáyẹ́misí dúró tì í, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ rárá. Oṣù méje ló ti ń retí òǹtẹ̀ ìjọba kó tó lè kọ́ ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó yìí sí Tchaada, ní ilẹ̀ Benin. Bí Sosthène, ọkùnrin tí ìjọba rán wá yẹ àwòrán wò lórí ilẹ̀, bá kọ̀ ọ́, òjò á dé, ó di ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn nìyẹn. Màmá rẹ̀, tó fẹ́ kó kọ́kọ́ sùn níbẹ̀, sì ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Wọ́n ní ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Èyí tí wọ́n ń fi eérú mọ ńkọ́?

"Bon, ó dáa," ni Sosthène wí. "Yàrá rèé, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ rèé. Ìyá àgbà, ẹ máa wọlé, ẹ jọ̀ọ́."

Fáyẹ́misí ti màmá rẹ̀ lórí àga onítáyà. Wọ́n gba ẹnu ọ̀nà yàrá kọjá dáadáa. Nígbà tí wọ́n dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀, àga kò ráyè yí. Ó fà á sẹ́yìn, ó tún un tì. Táyà gun orí ògiri, ògiri sì parẹ́.

"Fáyẹ́misí, mo ti wó ilé rẹ o!" Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Àbí kí n máa ṣe é sára ni?"

Fáyẹ́misí kò lè rẹ́rìn-ín. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣe nọ́ọ̀sì, síbẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ló ní kí ayàwòrán gé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kù, kí pálọ̀ lè fẹ̀, torí àwọn ọmọ tí yóò máa wá kí òbí wọn. Ojú tì í gan-an.

"Àlejò ni mo kọ́lé fún," ló sọ.

"Ẹ ò tíì kọ́ ọ," ni Sosthène dá a lóhùn. "Ìdí tí wọ́n fi rán mi wá nìyẹn. Ẹ gé lára pálọ̀, kí wọ́n tún un yà, kí ẹ gbé e wá lọ́jọ́ Ajé. Gbogbo ìyókù ló dára."

Ọjọ́ Ajé! Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀. Ara tù ú bí ẹni tó sọ ẹrù igi kalẹ̀ lórí.

Ó bọ́ bàtà, ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ gbá ògiri tó kù dànù, ó sì da ìlà tuntun wọ inú pálọ̀ lọ. Màmá fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí táyà wọlé, ó yí po lẹ́ẹ̀kan, ó tún yí po, kò kan ibì kankan.

"Ẹ kọjú sẹ́yìn o," ló wí, "èèyàn wà nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀."

Sosthène bú sẹ́rìn-ín. Fáyẹ́misí ní tirẹ̀ kọjú sẹ́yìn lóòótọ́, ó sì dúró títí màmá rẹ̀ fi pè é.