Ìdìbò Lórí Apá Keje Fíìmù Ọlọ́bẹ

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kẹta ni. Òjò kò rọ̀, ṣùgbọ́n ojú ọ̀run ṣú láti àárọ̀, ooru sì mú. Iná ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn nínú yàrá ìwòran, alága sì ti pín ìwé ìdìbò. Ìyá Aránṣọ mú bírò, kò kọ nǹkan kan.

Àwọn mẹ́ta ló ń pinnu ọjọ́ orí tí èèyàn gbọ́dọ̀ pé kó tó wo fíìmù. Apá keje ìtàn Ọlọ́bẹ, apààyàn tí wọ́n ń pa ní ìparí gbogbo apá ṣùgbọ́n tí kì í kú, ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wò tán. Alága, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, mú ọdún méjìdínlógún. Ọ̀dọ́kùnrin tí wọ́n ń pè ní Mo-ti-wò-ó, nítorí kò sí fíìmù tí kò tíì wò, mú ọdún méjìlá. Ó ní apá kìíní ló ń dẹ́rù bani. Èyí ti dà bí aṣọ tí wọ́n fọ̀ títí tó fi ṣá.

"Ẹ̀jẹ̀ pàápàá ò sí níbẹ̀, Màmá. Bí Ọlọ́bẹ ṣe darúgbó yìí, ọ̀pá ló yẹ kó máa mú kiri."

Bí ìbò bá dọ́gba, ọjọ́ orí tó kéré ló ń borí. Ìbò Ìyá Aránṣọ nìkan ló kù, ó sì ti mọ èyí tó fẹ́: méjìdínlógún. Ìlà tó yẹ kó fọwọ́ sí nísàlẹ̀ ìwé ìdìbò ló dí i lọ́wọ́: Mo fojú ara mi wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó dijú nígbà tí ọmọbìnrin kékeré kan nínú fíìmù náà wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Lóṣù tó kọjá, ó tòògbé, wọ́n kìlọ̀ fún un. Bó bá di ẹ̀ẹ̀kejì, àga rẹ̀ lọ nìyẹn. Bó bá fọwọ́ sí i, ta ni yóò mọ̀?

Ó gbé bírò sílẹ̀. "Ẹ má bínú, Alága. Mo dijú."

Alága kò wo ojú rẹ̀. Ó ní òfin ni òfin, ó sì rọra fa ìwé náà kúrò níwájú rẹ̀. Méjìlá borí nìyẹn.

"Kí lẹ tiẹ̀ rí, Màmá?" Ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu Mo-ti-wò-ó.

"N ò rí nǹkan kan. Mo gbọ́ ni. Ọmọ yẹn ń gbìyànjú kó má mí."

Ẹ̀rín náà kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó ní kí ẹni tó ń tan fíìmù dá a padà síbẹ̀, kó pa àwòrán, kó fi ohùn nìkan sílẹ̀. Wọ́n jókòó nínú òkùnkùn. Bàtà ń dún lórí pákó. Èémí kékeré kan dá dúró. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó tún dá dúró.

Mo-ti-wò-ó ní kí wọ́n tan iná. Ó fagi lé méjìlá, ó kọ méjìdínlógún, kò sì gbójú sókè.

Àwọn tó wà níbẹ̀ ni alága, Mo-ti-wò-ó àti ẹni tó ń tan fíìmù. Ìyá Aránṣọ náà wà níbẹ̀ títí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n kò dìbò.