Orúkọ Inú Ilé Tó Dé Orí Rédíò

Bí wọ́n bá ní ká ka àwọn tí ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu wọn ní Àkúrẹ́, ẹ má fo Moríyọ̀ dá. Láti Ajé dé Ẹtì, òṣìṣẹ́ ìjọba ni ní Alágbàká, ó ń jókòó ti fáìlì bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ Sátidé bá ti mọ́, á wọ ilé iṣẹ́ rédíò kan lọ, á máa sọ ìtàn ilé ọkọ rẹ̀ fún gbogbo ìlú. “Ilé Ọkọ” náà lorúkọ ètò ọ̀hún. Àwọn awakọ̀ takisí a máa yí i sókè, àwọn obìnrin ní àdúgbò Ijapo a máa gbàgbé ọbẹ̀ lórí iná. Wọ́n ní ó ń pa àwọn lẹ́rìn-ín. Òun náà sì mọ̀ pé òun ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Mímọ̀ yẹn gan-an ló kó bá a.

Ọmọ Àkúrẹ́ ni, Oǹdó ló fẹ́ ọkọ sí. Nígbà tí Oyèlékè gbé e níyàwó, Fẹ̀yìntọlá, àbúrò Oyèlékè, ṣì wà ní ilé ìwé girama. Ẹ sì mọ àṣà wa: ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá nílé ọkọ lórúkọ, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Á wá orúkọ tirẹ̀ fún un ni. Àwọn kan a máa pe tiwọn ní Akọ̀wé, àwọn kan a pe tiwọn ní Eyínfúnjowó. Moríyọ̀ fetí sí ẹ̀rín Fẹ̀yìntọlá. Bí ọmọbìnrin yìí bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, á kọ́kọ́ ṣe kú-kú-kú, á dákẹ́ bí ẹ̀rọ ìlọta tó kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, á tún ṣe kú-kú-kú, kó tó wá gbiná, tí yóò sì máa fọn fíì lókè. Moríyọ̀ bá sọ ọ́ ní Ẹlẹ́rọ. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, Fẹ̀yìntọlá ló sì rín in jù. Títí ó fi di tísà, tó lọ́kọ, tó bímọ, bí Moríyọ̀ bá ti ké “Ẹlẹ́rọ mi” láti ẹnu ọ̀nà, ẹ̀rín á ti gbiná nínú yàrá kó tó wọlé. Àwọn méjèèjì fẹ́ràn ara wọn gan-an.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tó wà nílé ni ẹ̀ṣọ́. Lọ́jọ́ Sátidé kan, ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu Moríyọ̀. Ó ti sọ ti ìyá ọkọ, ó ti sọ ti ewúrẹ́ ìyá ọkọ, Gbémiga tó ń tọ́jú ẹ̀rọ sì ń fọwọ́ ṣàpèjúwe lẹ́yìn gíláàsì pé ètò ti ń tutù. Ni Moríyọ̀ bá sún mọ́ máìkì, ó ní, “Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àbúrò ọkọ mi fún yín, Ẹlẹ́rọ, tísà ní Oǹdó.” Ó sín ẹ̀rín Fẹ̀yìntọlá jẹ láti kú-kú-kú dé fíì, kò dá ibì kan sí. Fóònù ò sinmi lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà yẹn, kò sí Sátidé tí wọn kì í béèrè Ẹlẹ́rọ, àwọn olùgbọ́ fúnra wọn a sì máa pè wọlé láti fi ẹnu wọn ṣe ẹ̀rín náà.

Ọjọ́ Ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà wọn ní Oǹdó lojú rẹ̀ là. Lẹ́yìn ìsìn, gbogbo ẹbí kóra jọ sídìí iyán ní ilé ìyá Oyèlékè. Moríyọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Ó sọ ti bàbá kan tó ń tòògbé nígbà tí wọ́n ń ta nǹkan Ìkórè ní gbàǹjo, tí orí rẹ̀ ń lọ tó ń bọ̀, tí àwọn tó ń tajà rò pé ó ń fi owó kún owó, tó sì jí bá okùn ewúrẹ́ lọ́wọ́ ara rẹ̀. Ilé wó fún ẹ̀rín. Ìyá ọkọ rẹ̀ fi òkèlè sílẹ̀. Ṣùgbọ́n Fẹ̀yìntọlá fi etí ìborùn dí ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ìró kankan ò sì jáde. Ó dìde, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ.

Moríyọ̀ tẹ̀ lé e. Adùn ìtàn rẹ̀ ò tíì kúrò lójú rẹ̀.

“Ẹlẹ́rọ mi, ṣé iyán há yín lọ́fun ni?”

Fẹ̀yìntọlá ò yíjú. “Ìyàwó wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́.”

“Kí ló dé?”

“Bí mo bá ti kọjú sí pátákó, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn mi. Kú-kú-kú. Bí mo bá yí padà, gbogbo wọn á dojú kọ ìwé. Ọ̀gá wa pè mí ní Ẹlẹ́rọ níwájú àwọn tísà, kò tilẹ̀ fura pé òun pè é. Láàárọ̀ yìí tí mo gbé ọrẹ lọ síwájú, mo gbọ́ ọ láàárín àwọn akọrin.”

“Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n ń ṣe.”

“Mo mọ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín sí i nínú ilé yìí, torí pé ẹ̀yin lẹ̀ ń pè é, mo sì ń rí ojú yín.” Ó nu ojú rẹ̀. “Lánàá, Ànúolúwapọ̀ ọmọ mi wọ bàtà bàbá rẹ̀, ó ń fi yan kiri nínú pálọ̀. Ẹ̀rín ti dé ọ̀fun mi, mo bá gbé e mì. Ọmọ náà ń wò mí. Ó rò pé inú ń bí mi sí òun.”

Ojú ti Moríyọ̀ débi pé kò mọ ibi tí yóò fi ọwọ́ sí. A kì í tojú oníka mẹ́sàn-án kà á. Òun wá kà á létí gbogbo ìpínlẹ̀, ó sì ń gba àtẹ́wọ́ lé e. Ó rántí gbogbo Sátidé tó ti fi ẹ̀rín yẹn gba ara rẹ̀ là. Ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀.

Fẹ̀yìntọlá fà á dìde. “Mo ti forí jì yín. Ẹ má ṣáà tún mẹ́nu kàn mí lórí rédíò mọ́. Ìbáà jẹ́ fún rere.”

Nínú mọ́tò tí wọ́n gbé padà sí Àkúrẹ́, Oyèlékè ní, “Ohun tó sọ ni kó o ṣe. Dákẹ́.”

“Ojú ọjà ni mo ti bú u,” ni Moríyọ̀ wí, “ojú ọjà ni n ó ti bẹ̀ ẹ́.”

Ká sọ tòótọ́, ìgbéraga ṣì ṣẹ́ kù níbẹ̀. Ó rò pé ẹnu tó lè pa ìlú lẹ́rìn-ín, bó bá fi àwàdà sílẹ̀ tó bẹ̀bẹ̀, ìlú á bá a bẹ̀bẹ̀.

Nígbà tó di Sátidé, ó jókòó ti máìkì. “Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò mú àwàdà wá lónìí. Mo ti ṣẹ àbúrò ọkọ mi. Ẹ̀rín tí mo ń sín jẹ, ẹ̀rín ọmọlúàbí ni, mo sì ti gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì dẹ̀yìn lẹ́yìn rẹ̀.”

Lẹ́yìn gíláàsì, Gbémiga ti fọwọ́ bo ẹnu. Ẹni àkọ́kọ́ tó pè wọlé ni Jíbọ́lá, awakọ̀ takisí kan ní Alágbàká. “Aǹtí, ẹ tún ti mú òmíì dé. Ẹ jẹ́ kí èmi náà bá yín bẹ̀ ẹ́.” Ó ṣe kú-kú-kú, ó fi fíì parí rẹ̀.

“Mi ò ṣeré o,” ni Moríyọ̀ wí. Ẹ̀rín bú jáde lórí fóònù, àti ti Jíbọ́lá àti ti àwọn èrò tó gbé sínú ọkọ̀. Ojú lọ̀rọ̀ wà, rédíò ò sì ní ojú. Bó ṣe ń bẹ̀bẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín tó. Nígbà tó yá, ó bú sẹ́kún lóòótọ́, obìnrin kan sì pè láti Ijapo, ó ní kí wọ́n gbọ́ bó ṣe ń sunkún bí ẹni pé òótọ́ ni.

Nígbà tí ètò parí, Gbémiga jáde wá, ó ń nu omi ojú ẹ̀rín. “Aǹtí, ti òní ló dùn jù. Ẹ jẹ́ ká máa bẹ̀ ẹ́ lọ ní Sátidé tó ń bọ̀.”

Moríyọ̀ kọjá lára rẹ̀. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà ìta nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Fẹ̀yìntọlá ni. Moríyọ̀ ò lè wà lórí ìdúró gbọ́ ohùn rẹ̀, ó kúnlẹ̀ síbẹ̀ lórí símẹ́ńtì, fóònù létí, ó ń wí pé, “Ẹ má bínú, ẹ má bínú.” Òṣìṣẹ́ kan tó ń wọlé bọ̀ rí i lórí ìkúnlẹ̀. Ó pàtẹ́wọ́, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní aǹtí yìí máa pa àwọn.

Fẹ̀yìntọlá gbọ́ ẹ̀rín náà.

“Mo gbọ́ ètò yín,” ni ó wí. “Mo mọ̀ pé ẹ ò ṣeré. Ṣùgbọ́n, ìyàwó wa, èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n.”