Káàdì Mọ̀núrù

"Ẹni yìí kọ́ ni Mọ̀núrù," ni Dókítà Septimus wí. Ó fi ìka tẹ ikùn ọkùnrin tó dùbúlẹ̀, ó wo fáìlì, ó tún wo ikùn. "Wọ́n ti la ikùn Mọ̀núrù níbí lọ́dún tó kọjá, wọ́n ti yọ àpẹ́ńdíìsì rẹ̀. Ikùn tèyí ò ní àpá kankan, àpẹ́ńdíìsì rẹ̀ sì ti wú. Bí a ò bá yọ ọ́ kíákíá, á bẹ́ sí i nínú."

"Dókítà, èmi ni mo ni orúkọ mi!" Mọ̀núrù ń kérora. "Bàbá mi ló sọ mí bẹ́ẹ̀!"

Rájí, tó fi ọmọlanke gbé e wá láti ilé ìtẹ̀wé wọn ní Ìdúmọ̀tà, fẹ̀yìn ti ògiri. Ó mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́. Nínú ogójì òṣìṣẹ́, mẹ́fà péré ni ilé-iṣẹ́ fún ní káàdì dókítà tí wọ́n fi ń gba ìtọ́jú, Mọ̀núrù sì wà lára wọn. Òṣìṣẹ́ ojúmọ́ ni wọ́n ń pe àwọn yòókù, ìbáà jẹ́ ọdún mẹ́wàá ni wọ́n ti ń ṣe é. Ṣùgbọ́n káàdì náà ò ní fọ́tò. Ẹni tí ara rẹ̀ ò bá yá, á yá káàdì Mọ̀núrù, á há ọjọ́ orí Mọ̀núrù sórí lójú ọ̀nà, á sì máa jẹ́ Mọ̀núrù títí ara á fi le. Ètò náà ń yí geere bí ẹ̀rọ tí wọ́n ta epo sí. Lọ́dún tó kọjá, Rájí jẹ́ Mọ̀núrù fún ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko. Dókítà tó la ikùn rẹ̀ ti fi Èkó sílẹ̀. Septimus ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni.

"Ibà mọ́kànlá láàárín ọdún kan," ni dókítà ń kà nínú fáìlì. "Ó yẹ kí Mọ̀núrù yìí ti kú."

Godfrey, akọ̀wé tí ilé-iṣẹ́ rán wá láti Marina, kò mọ ojú òṣìṣẹ́ kankan. "Ayédèrú ni. Mi ò ní fọwọ́ síwèé fún ayédèrú." Ó sì fa kálàmù yọ. Láìsí ìwé yẹn, wọn ò ní ṣí yàrá iṣẹ́ abẹ.

Lẹ́tà òjé tí wọ́n fi ń tẹ̀wé ni Rájí ń tò níbi iṣẹ́. Ẹni tó ń tò ó gbọ́dọ̀ mọ ìwé tó dorí kodò kà bí ẹni ń ka èyí tó dúró ṣánṣán. Láti òdìkejì tábìlì, ó ka ohun tí Godfrey ń kọ: kì í ṣe òṣìṣẹ́ wa.

Mọ̀núrù rí ojú Rájí, ó mi orí. "Rájí, panu mọ́. Rántí àwọn ọmọ ẹ."

Rájí tú bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀. "Ẹ dáwọ́ dúró ná, Mísítà Godfrey. Àpá tí ẹ ń wá rèé."

Dókítà bẹ̀rẹ̀, ó wọ̀n ọ́n. "Íǹṣì mẹ́ta àbọ̀. Bó ṣe wà nínú fáìlì gẹ́lẹ́."

"Olè!" ni Godfrey pariwo. "O ò níṣẹ́ mọ́ láti òní lọ!"

"Ọdún mẹ́jọ ni mo ti ń fa eruku òjé yín símú. Orúkọ wo lẹ ní kí n máa fi ṣàìsàn?"

"Ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín," ni Mọ̀núrù wí, "inú ń run mí."

Dókítà na ìwé iṣẹ́ abẹ sí Godfrey. Godfrey fọwọ́ sí i. Wọ́n ti Mọ̀núrù wọlé.

Akọ̀wé wá fa ìwé tuntun yọ láti fẹjọ́ Rájí sùn. Rájí fa àga, ó jókòó kọjú sí i.

"Ẹ ti kọ ọ́ pé mo jí káàdì lò. Ẹ ò tíì kọ ọdún mẹ́jọ. Ẹ ò sì tíì kọ ọ́ pé ẹ ò fún mi ní káàdì."

Godfrey fọwọ́ bo ìwé. "Ṣé o ò ní lọ ni?"

"Níbo? Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ lé mi níṣẹ́ ni. Àyè gbà mí títí di alẹ́."

Ó ká apá mọ́ àyà, ó ń wò ó. Nígbà tó yá, ọwọ́ Godfrey kúrò lórí ìwé, kálàmù bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Rájí tẹ̀ síwájú, ó sì ń kà á tẹ̀lé e, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn.